Ọjọ́ Tí Mo Ru Fóòmù Pàdé Ìyá Ìyàwó Mi Nínú Ìjì

Tí mo bá di arúgbó kùjọ́kùjọ́ tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni mo ru fóòmù lọ pàdé ìyá ìyàwó mi ní Fola Agoro. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ládùúgbò wa ní Bàrígà ṣì máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tí òjò bá ti ṣú. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi iyọ̀ sí i.

Lọ́dún yẹn, ojú ọjọ́ ti dàrú. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí l'Ékòó: òjò á rọ̀ títí lóṣù kẹfà àti oṣù keje, tó bá di oṣù kẹjọ, á sinmi. Afẹ́fẹ́ á tutù, oòrùn ò ní mú, àwọn èèyàn á máa wọ súwẹ́tà kiri láàárọ̀. Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì là ń pè é. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oṣù keje gbẹ bíi pé ọyẹ́ ló fẹ́ dé, nígbà tí oṣù kẹjọ sì wọlé, oòrùn ń ta wá lórí bíi ti oṣù kẹta. Tó bá di ọ̀sán, ìkùukùu á kó jọ, àrá á kùn lókèèrè, àwọn obìnrin á sáré kó aṣọ tí wọ́n sá, òjò ò sì ní rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní ṣú tó bẹ́ẹ̀, ìjì á kàn já wọlé lójijì, á ṣí páànù lórí ilé onílé, àgbàrá á gba títì, kí èèyàn sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oòrùn á tún ti yọ bíi pé òun kọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń gé bébà, èmi náà ni mò ń di ìwé. Bébà àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ òjò ni ọ̀rọ̀ wa láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mo wá sọ ara mi di ọ̀gá nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń gbójú sókè wo ìkùukùu, màá ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Oṣù kẹjọ la wà. Kò ní rọ̀.” Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í rọ̀ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi.

Ìyàwó mi, Bùnmi, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa nígbà náà, ọmọbìnrin. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa wẹ ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó mọ ohun tí mò ń sọ: bí ìyá ìyàwó bá ń bọ̀, ilé ò gbọdọ̀ rí bó ṣe máa ń rí. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, nísàlẹ̀ ilé, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ìbàdí máa ń dun ìyá yìí, kò ṣeé sọ pé kí wọ́n sùn sórí ẹní. Láti ìgbà tí Bùnmi ti lóyún ló ti ń sọ fún mi pé kí n lọ ra fóòmù tí ìyá òun máa sùn sí. Èmi náà ń dá a lóhùn pé, “Mo ti gbọ́.” Mo sì ti gbọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ tí ìyá máa wọ Èkó gan-an ni mo tó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo lọ rà á.

Oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe eré. Ẹni tó ta fóòmù fún mi ní Fola Agoro fi ọ̀rá wé e yípo, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì fi okùn dè é láàárín. Mo dúró létí títì, mò ń nawọ́ sí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti rí ẹrù mi á sáré bíi pé ọlọ́pàá ló dá a dúró. Ọ̀kan ṣoṣo ló tẹ bíréèkì. Ó wo fóòmù, ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé orí mi lẹ fẹ́ gbé e lé?” Ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Bùnmi ti pè mí lórí fóònù.

“Ṣé ẹ ti rà á?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí.”

“Ẹ wá nǹkan gbé e o. Níbí, ojú ọ̀run ti ń dúdú lápá ọ̀sà.”

“Á kọjá. Fóònù mi gan-an sọ pé oòrùn ni títí di ìrọ̀lẹ́.”

Mi ò purọ́. Àwòrán oòrùn rògódó kan ló wà lójú fóònù náà, kò sí ìkùukùu kankan nítòsí rẹ̀. Mo bá bi ara mi pé kí ni mò ń dúró fún? Láti Fola Agoro sí ilé wa kò jìnnà lẹ́sẹ̀. Mo ru fóòmù. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ kan tí fóònù tún dún. Ìyá ni. Èrò mi ni pé wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

“Ọkọ ọmọ mi, mo ti sọ̀ ní Palmgrove tipẹ́. Mo ti wọ kẹ̀kẹ́, ó ní Fola Agoro lòún ń lọ. Ibo lo wà?”

“Ẹ ti dé, Mà?”

“A tètè gbéra ni. Ibo lo wà?”

Fola Agoro náà ni mo wà, pẹ̀lú fóòmù lórí, òógùn lọ́rùn, àti ẹ̀wù iṣẹ́ tí tàdáwà ti bà jẹ́ láti àyà dé ìdí. Mò ń wá ibi tí mo máa fi ẹrù pamọ́ sí kí n lè kí wọn bí ọmọlúàbí ni kẹ̀kẹ́ dúró síwájú mi. Ìyá bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì ńlá kan àti kẹ́ẹ̀gì àgbo ọmọ. Obìnrin tó ga ni wọ́n, tó rọra máa ń sọ̀rọ̀. Ìyá ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ nílé. Láti ọjọ́ tí a ti lọ tọrọ Bùnmi ni ẹ̀rù wọn ti ń bà mí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò jágbe mọ́ mi rí.

Mo ní kí n dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fóòmù dọ̀bálẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, fóòmù náà tẹ̀ síwájú, ó gbá gèlè ìyá, gèlè sì yí bo ojú wọn kan. Mo ní kí n tètè dìde, ìdí fóòmù tún gbá oníkẹ̀kẹ́ létí. Ìyẹn ò dúró gba owó tó kù lọ́wọ́ èrò ẹ̀yìn, ó ṣáná sí i.

“Ẹ má bínú, Mà! Ẹ jọ̀ọ́, Mà!”

Ìyá tún gèlè wọn ṣe. “Dìde ńlẹ̀, wàá pẹ́. Ta ló ni fóòmù?”

“Tiyín ni, Mà.”

“Tèmi?” Mo rí ẹ̀rín díẹ̀ létí ẹnu wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ó yẹ kí n wá kẹ̀kẹ́ mìíràn fún wọn. Nígbà tí mo rántí, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹsẹ̀ wọn ti wú nínú ọkọ̀, àwọn fẹ́ fi rìn. Mo gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì dání, a bọ́ sọ́nà.

Bá a ṣe ń lọ, wọ́n ń sọ fún mi bí àgbàdo ṣe gbẹ lórí ìdúró nílé. Wọ́n ní àwọn tó tètè gbìn ò rí nǹkan kan ká, àwọn tó dúró de òjò ò tíì gbìn. “A ò wá mọ èyí tó gbọ́n nínú wa,” ni wọ́n wí. Mò ń dáhùn lábẹ́ fóòmù bí ẹni tó wà nínú yàrá. Ìgbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ ti dúró pátápátá. Ewé kan ò mì. Àwọn tó ń ta ọjà létí títì ti ń pa agboòrùn ńlá wọn dé, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ní iwájú wa, lápá ọ̀sà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ọkọ ọmọ mi, òkùnkùn wo nìyẹn?”

“Á kọjá, Mà. Oṣù kẹjọ la wà.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe nílé. Á ṣú títí, kò ní rọ̀.”

Báyìí ni èmi àti àna mi ṣe fohùn ṣọ̀kan.

Ariwo rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́. Páànù ń lù gbàgà-gbàgà lókèèrè, ó ń sún mọ́ wa láti ilé dé ilé. Lẹ́yìn náà ni eruku dé, ó gbá wa lójú, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn eruku ni ìjì fúnra rẹ̀ wọ abẹ́ fóòmù, ó sì gbé e. Ẹ̀yin èèyàn, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Bóyá kò ju ìka kan lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Okùn tí mo dì mú ló ń wà mí, kì í ṣe èmi ni mò ń ru ẹrù mọ́. Mo sáré sẹ́yìn láìfẹ́, mo yí po bí òkòtó, mo fi fóòmù gbá pátákó onídìrí, pátákó wó. Mo tún sáré síwájú. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá lẹ́yìn mi pé, “Jù ú sílẹ̀! Jù ú sílẹ̀!” Etí mi gbọ́, ọwọ́ mi ò gbà. Ó ti pẹ́ jù kí n tó ra fóòmù yẹn, mi ò lè wá délé kí n ní afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Tábìlì ẹlẹ́ja kan ló dá mi dúró. Ará Ìlàjẹ ni ẹlẹ́ja náà, alágbára obìnrin, ó ń sáré kó ẹja rẹ̀ sínú báàfù nígbà tí èmi àti fóòmù ya lù ú. Ẹja fọ́n káàkiri títì.

“Bàbá!” ló pariwo. “Ṣé ẹ fẹ́ dá ẹja mi padà sínú ọ̀sà ni?”

Mi ò tíì dáhùn tí mọ̀nàmọ́ná là, gbogbo nǹkan funfun, àrá sì sán lójú ẹsẹ̀ bíi pé inú orí mi ló ti sán. Níwájú wa, ní ojú ọ̀nà tí a fẹ́ gbà gan-an, wáyà iná já lórí òpó. Ó bọ́ sáàárín títì, ó ń jà bí ejò, iná búlúù ń ta pàrà lára rẹ̀. Ẹni kan kígbe pé kí wọ́n lọ pa iná, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ká ní ìyá ò dúró gba gèlè wọn mú, ká ní mi ò ya lu tábìlì ẹlẹ́ja, àwa la ò bá wà níbẹ̀ yẹn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá sábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀bù kan. Òjò dé. Kì í ṣe òjò tó ń kán, omi tí wọ́n ń dà ni. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gọ́tà kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí títì. Gèlè ìyá ti bá ìjì lọ nígbẹ̀yìn. Irun funfun wọn lẹ̀ mọ́ wọn lórí. Wọ́n ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fóònù mi dún.

“Níbo lẹ wà?” Bùnmi ń sunkún. Mò ń gbọ́ ìkókó náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké fatafata. “Omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé! Páànù ń ṣí lókè! Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe…”

“Gòkè lọ sọ́dọ̀ Àlàájà!” Àlàájà ni ìyá onílé wa, òkè ni wọ́n ń gbé.

“Mò ń pè wọ́n lórí fóònù, wọn ò gbé e. Àtẹ̀gùn ti…”

Fóònù kú. Mo tún pè é, kò wọlé. Ìyá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn ká ìró wọn sókè, wọ́n gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra.

“Ọ̀nà mìíràn wà?”

“Ó wà, Mà, ṣùgbọ́n omi…”

“Ọmọ mi dá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Mú mi gba ibẹ̀.”

Ẹlẹ́ja ní kí a dúró kí ó dá díẹ̀. Nígbà tó rí i pé a ti ń lọ, ó gbé báàfù rẹ̀ rù, ó ní, “Èmi náà ní ọmọ nílé jàre,” ó sì tẹ̀ lé wa.

Àdúgbò tóóró kan ni a yà sí láti fi yẹra fún wáyà. Omi dé orúnkún mi. Ó pọ́n, ó ń sáré, ó ń gbé bàtà, ìkòkò, àti ilé adìẹ odidi kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Fóòmù ṣì wà lórí mi. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìyá di etí ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn.

Ibi tí mò ń gbà lọ síṣẹ́ láràárọ̀ nìyẹn, ó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n. “Ẹ máa tọ ẹsẹ̀ mi, Mà. Ọwọ́ òsì ni gọ́tà wà.” Ọwọ́ òsì ló wà lóòótọ́. Ohun tí mo gbàgbé ni pé gọ́tà náà máa ń sọdá sọ́wọ́ ọ̀tún níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan, lábẹ́ pẹpẹ símẹ́ńtì, àti pé ọkọ̀ ńlá kan ti tẹ pẹpẹ náà fọ́ lápá kan. Láràárọ̀ ni mò ń fo ihò yẹn láìronú. Nínú omi, mi ò rí ohun tí mo máa fò. Èmi kọjá, mi ò mọ bí mo ṣe kọjá. Mo gbọ́ “Jésù!” lẹ́yìn mi, ọwọ́ tó di ẹ̀wù mi mú sì já.

Nígbà tí mo yíjú, orí ìyá àti ọwọ́ kan ni mo rí. Omi ti mù wọ́n dé ọrùn, ó sì ń fà wọ́n lọ sábẹ́ pẹpẹ tó kù. Ẹni tó bá wọ abẹ́ ibẹ̀, ọ̀sà ló kù. Ìgbà yẹn ni mo tó ju fóòmù sílẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀ nínú omi, mo nawọ́, mo bá aṣọ pàdé, mo fi gbogbo agbára mi fà á. Ó wá. Gbogbo rẹ̀ wá, ó rọrùn jù. Mo gbé ọwọ́ sókè, ìró ìyá ìyàwó mi ni mo dì mú, ìyá fúnra wọn ṣì wà nínú gọ́tà.

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lára mi nígbà yẹn. Ìtìjú àti ẹ̀rù dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù ló borí. Mo ju ìró nù, mo tún nawọ́ wọlé, mo rí ọrùn ọwọ́ wọn, mo dì í mú. Omi ń fà wọ́n, wọ́n ń fà mí, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Mo pariwo. Mi ò mọ orúkọ tí mò ń pè.

“Má fi sílẹ̀ o! Má fi sílẹ̀!” Ẹlẹ́ja ló ń bọ̀, ó ti da báàfù nù pẹ̀lú gbogbo ẹja inú rẹ̀. Ó gbá mi ní bẹ́líìtì mú lẹ́yìn, ó jókòó sínú omi, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Síbẹ̀, à ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èjìká ìyá ti kan etí pẹpẹ. Wọ́n ń wò mí lójú ṣáá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Fóòmù tí mo ti jù nù ni omi gbé bọ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó yí, ó sì há sẹ́nu abẹ́ pẹpẹ náà gbágbáágbá, láàárín ìyá àti ihò. Mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ pé èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀. Rárá o. Fóòmù ló ro tiẹ̀. Omi ò rí ibi gbà dáadáa mọ́, agbára rẹ̀ dín kù, ìyá sì fi ẹ̀yìn ti fóòmù. Ẹlẹ́ja ní, “Ó yá! Fà!” A fà. Wọ́n yọ dé àyà, a tún fà, wọ́n jáde, wọ́n sì ṣubú lé mi mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì àgbo ṣì wà lọ́wọ́ wọn kejì.

Ẹlẹ́ja tú ọ̀kan nínú ìró méjì tó ró, ó wé e mọ́ ìyá lórí tòbí tó kù sí wọn nídìí, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún ẹja. Èmi kọjú sí ògiri, mò ń wo ìpolówó abẹ́rẹ́ jẹdíjẹdí kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn títí wọ́n fi ní kí n yíjú. Ìyá gbìyànjú láti dìde, wọ́n ké. Ẹsẹ̀ wọn ti rọ́.

“Gbé fóòmù yẹn wá,” ni ẹlẹ́ja wí.

“Fóòmù?”

“Ṣé ẹ̀yìn ẹ lo fẹ́ pọn ìyá sí ni, nínú omi báyìí? Gbé e wá!”

Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ò ya púpọ̀, ó ṣì léfòó. A tì í jáde, a gbé ìyá àti báàgì wọn lé e. Ó rì díẹ̀, ó dúró. Ẹlẹ́ja mú igi kan, ó ń fi tẹ ilẹ̀ wò níwájú ká má baà tún jìn sí ihò. Èmi fi okùn kọ́ èjìká, mò ń fà. Báyìí la ṣe gba àárín Bàrígà. Àwọn èèyàn wà ní fèrèsé òkè. Àwọn kan ń kígbe pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà!” Àwọn kan na fóònù síta, wọ́n ń ya fídíò. Ọ̀kan pariwo pé, “Ọkọ̀ ojú omi ti dé! Ẹ já wa sí Ìkòròdú!” Ìyá jókòó ṣánṣán láàárín fóòmù, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. Èmi ò ronú kan ẹ̀rín ẹnikẹ́ni. Igbe ọmọ mi nínú fóònù ló wà létí mi, mo sì ń fi gbogbo ẹsẹ̀ tí mò ń gbé bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tí a yọ sí àdúgbò wa, omi ti wọ ilé wa dé ìdajì ilẹ̀kùn. Páànù apá kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo pariwo, “Bùnmi!”

Òkè ló ti dáhùn. Ó wà ní bákóní Àlàájà, ìkókó wà ní àyà rẹ̀. Àlàájà fúnra wọn ló sọ̀kalẹ̀ wá mú wọn. Mo fẹ́ dúpẹ́, ẹnu mi ò tíì ṣí, tí Bùnmi fi rí ohun tí mò ń fà. Ó rí ẹsẹ̀ tó nà, ó rí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ èèyàn, nítorí ìyá ti nà gbalaja kí ẹsẹ̀ lè sinmi.

“Yéè! Ìyá mi o! Ẹ ti pa ìyá mi!”

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ìyá gbé ọwọ́ sókè láti orí fóòmù, wọ́n sì jágbe fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n: “Ta ló kú? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, má sunkún sórí ọmọ!”

Ìdàrúdàpọ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn: àwọn aládùúgbò gbé ìyá gòkè, ẹlẹ́ja sá lọ sílé wo àwọn ọmọ tiẹ̀, èmi sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kí a tó mu tíì gbígbóná tí Àlàájà pò, oòrùn ti yọ.

Dókítà wo ẹsẹ̀ ìyá nílé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo wá ẹlẹ́ja lọ pẹ̀lú ìró rẹ̀ tí a ti fọ̀, mo sì bá a ra ẹja mìíràn dípò gbogbo èyí tó dànù. Ó ní kí n ṣá má gbé fóòmù wá síbẹ̀ mọ́. Fóòmù náà kò gbẹ bọ̀rọ̀, kò sì ṣeé sùn lé. Ìyá, Bùnmi àti ọmọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí Àlàájà yá wa, èmi sùn sórí àga. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò lè wo ojú ìyá. Tí wọ́n bá wọ pálọ̀, màá dìde wọ yàrá. Tí wọ́n bá wọ yàrá, màá rántí pé mo fẹ́ ra búrẹ́dì. Ìró tí mo fà bọ́ lára wọn nínú omi yẹn ò kúrò níwájú mi. Àwọn náà ò sì bá mi sọ ju “o káàárọ̀” lọ.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n pè mí.

“Ọkọ ọmọ mi, jókòó síbí. Nígbà tí mo wà nínú gọ́tà yẹn, kí lo kọ́kọ́ dì mú?”

Ilẹ̀ ò lanu. “Ìró ni, Mà.”

“Kí lo wá dì mú lẹ́yìn ìyẹn?”

“Ọwọ́ yín, Mà.”

Wọ́n da omi sí ọmọ náà lẹ́yìn, wọ́n rọra fi ọwọ́ nù ún. “Ọwọ́ ni kó o máa rántí. Ìró, gbàgbé ẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín, Bùnmi yọjú wò wá bíi pé orí wa ti dàrú.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ojú ọ̀run ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, ó ti pa kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri wa tì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn òjò mọ́, oṣù yòówù kó jẹ́. Èkejì ni pé ohun tó bá ṣòro láti jù sílẹ̀ jù, ó yẹ kéèyàn tètè jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó ru fóòmù létí títì nígbà tí afẹ́fẹ́ ti dúró, mo máa ń sáré bá a pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Wọ́n á wò mí tòkètilẹ̀, wọ́n á bi mí pé ṣé èmi ló bá wọn rà á ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Màá kàn máa dá ẹ̀rín rín lójú títì bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.